Òdo tí A Kọ sí Etí Òkun

Mo rántí ìgbà tí èmi nìkan gbọ́n ní Asawase, àdúgbò wa ní Kumasi ní ilẹ̀ Ghana. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Mò ń kàwé gba oyè kejì ní yunifásítì ní Kumasi. Nínú gbogbo ẹbí wa, àwọn tó ń ta aṣọ ní Adum, àwọn tó ń tún rédíò ṣe ní Ashanti New Town, àti àwọn tí kò ṣe ju kí wọ́n máa ròyìn Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọn ò dé rí, kò sí ẹni tó ti fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà àfi èmi. Mo sì rí i dájú pé ẹnikẹ́ni ò gbàgbé. Bí ìyá mi bá ní kí n bá òun gbé omi, mà á ní ọwọ́ tí mo fi ń tẹ kọ̀ǹpútà ń ro mí. Bí àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi bá béèrè ohun tí mò ń kọ́, mà á ní mò ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò bí ìgbì òkun ṣe máa ga tó lọ́jọ́ tí ìjì líle bá jà. Wọn á mi orí, wọn á ní, "Tó, Ọlọ́run nìkan ló mọ ìyẹn." Èmi á rẹ́rìn-ín sínú pé Ọlọ́run àti èmi ni. Ẹ ò rí i pé orí mi ti dàrú.

Kumasi jìnnà sí òkun. Èmi tí mò ń ṣírò ìgbì yìí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tíì rí òkun láyé mi, nígbà tí mo wà ní kékeré tí bàbá wa kó wa lọ kí ẹbí kan ní Accra, ojú fèrèsé ọkọ̀ èrò tí a ń pè ní trotro ni mo sì ti rí i, ó ń dán bí abọ́ tánganran. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn, á ní kò sí oko tó tóbi tó ti bàbá òun. Èmi ò tiẹ̀ dé oko kankan.

Ọ̀gá wa ní yunifásítì jẹ́ ọmọ Ashanti tó kàwé dé òkè òkun. Alatani ló ń pè mí, bí àwọn Ashanti ṣe ń pe àwa Yorùbá nìyẹn, kò sì ní í pe orúkọ mi títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìjọba ló ní kó wádìí apá kan etíkun tí àwọn apẹja ń gbé, kó sọ bóyá ó yẹ kí àwọn ènìyàn ibẹ̀ kó kúrò kí ìjì ńlá tó dé. Yàrá kan ṣoṣo tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ní ilé ẹ̀kọ́ wa la gbé kọ̀ǹpútà náà sí. Òtútù ibẹ̀ a máa wọ egungun, nítorí náà súwẹ́tà ni mo máa ń wọ̀ nígbà tí gbogbo Kumasi ń làágùn, mo sì ń wọ̀ ọ́ délé kí wọ́n lè bi mí pé kí ló dé.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. A pín òkun sí àpótí kéékèèké bí bébà tí ọmọ ilé ìwé fi ń ṣe ìṣirò. A sọ fún kọ̀ǹpútà bí omi ṣe jìn tó nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, a sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe le tó, òun náà á wá ṣírò ìgbì tí irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ lè gbé dìde, láti inú àpótí kan bọ́ sí èkejì, títí á fi gúnlẹ̀ sí etíkun. Ṣùgbọ́n ikùn kọ̀ǹpútà náà kéré, kò lè gba gbogbo òkun. Iná a sì máa lọ, gbogbo ìṣirò ọjọ́ mẹ́ta á di asán, a ó tún bẹ̀rẹ̀. La bá gé òkun kúrú. Ibi tí a gé e sí lápá gúúsù, òkun ò parí síbẹ̀, ẹ̀rọ náà sì ní láti mọ irú ìgbì tó ń gba ibẹ̀ wọlé. Mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá. Ó ń jẹ ẹ̀pà lọ́wọ́, kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Kọ òdo." Mo kọ òdo. Ohun tí òdo yẹn ń sọ ni pé òkun tó wà lẹ́yìn ààlà wa dákẹ́ bí omi inú ìkòkò. Kò sí èyí tó bà mí lẹ́rù nínú rẹ̀.

A wá fún ẹ̀rọ náà ní ìjì tó burú jù lọ tí ẹnikẹ́ni kọ sílẹ̀ rí lágbègbè yẹn, ìjì tó ń ká páànù lórí ilé. A tún fi díẹ̀ kún un kí ó lè burú sí i. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé han gooro ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń pọ bébà gígùn jáde, nígbà tí mo sì kà á, omi náà kò dé ẹnu ọ̀nà ilé tó wà níwájú pátápátá. Ọ̀gá kọ ìròyìn, ó fi ránṣẹ́ sí ìjọba pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó kúrò. Inú mi dùn débi tí mo ra ṣúgà onípáálí lọ fún ìyá mi.

Ọ̀kan nínú àwọn ìlú tó wà nínú àpótí wa yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé. Ẹ̀gbọ́n mi yìí ló pọ̀n mí dàgbà, nítorí ọjà ni ìyá wa máa ń wà látàárọ̀. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ Yorùbá tí wọ́n bí sí Ghana bíi tiwa, àwọn méjèèjì jọ ń yan ẹja, wọ́n ń kó o ránṣẹ́ sí Kumasi. Bàbá mi kò fẹ́ràn ọkùnrin náà rí. Ó ní ẹja ni gbogbo ara rẹ̀ ń rùn. Ohun tó tiẹ̀ ń dùn ún jù ni pé oyún ti ṣáájú yìgì, àwọn àáfà sì mọ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kò gbójú sókè wo bàbá mi rí, ìyẹn náà tún ń bí bàbá mi nínú.

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan, lẹ́yìn tí a ti mọ́sálásí dé, òun àti ẹ̀gbọ́n mi wọlé láti etíkun, wọ́n ru apẹ̀rẹ̀ ẹja wá. Àna wa dọ̀bálẹ̀. Ó ní ẹ̀bẹ̀ kan ni òun mú wá. Bàbá mi kò ní kó wọ yàrá kó sọ ọ́ ní jẹ́jẹ́, ó ní kí wọ́n pe ẹbí jọ sí àgbàlá, nítorí bó bá jẹ́ ẹ̀bẹ̀, kí gbogbo ènìyàn gbọ́. A jókòó sórí ẹní àti àga, àwọn arákùnrin bàbá mi, àwọn ìyàwó wọn, àti èmi nínú súwẹ́tà mi.

Ohun tó béèrè kò ju yàrá kan lọ. Ó ní kí bàbá fún ìyàwó òun, ọmọbìnrin òun tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, àti ìyá òun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, ní yàrá kan ní agboolé wa fún oṣù mẹ́ta péré. Òun á dúró ti ọjà òun. Ó ní iyanrìn tó wà láàárín ilé àwọn àti òkun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, àwọn àgbà apẹja sì ti ń kó ọkọ̀ wọn wọ inú ìlú.

Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, òkun ọ̀dọ̀ wa kì í bá afẹ́fẹ́ rìn. Ọjọ́ tí ewé kò mì, tí oòrùn mú ganrín, ọjọ́ yẹn gan-an ló máa ń wá. Ìgbà rẹ̀ ló ti ń súnmọ́ yìí."

Bàbá mi ní, "Kí àwọn ará Asawase wá máa sọ pé ọmọ mi dálémoṣú? Kí obìnrin tó wà lọ́dọ̀ ọkọ di ẹrù rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀, òun pẹ̀lú ìyá ọkọ lẹ́yìn? Èwo nìyẹn?" Ó wá yíjú sí mi. "Akọ̀wé, ìwọ lo mọ̀ nípa òkun. Sọ fún wọn."

Kí n má parọ́, inú mi dùn pé ó pè mí. Mo dìde. Mo sọ fún wọn nípa àpótí, nípa ìjì, nípa bébà gígùn. Mo ní ibi tí òkun bá le dé jù lọ, kò ní í kan ẹsẹ̀ adìẹ tó wà ní ẹnu ọ̀nà wọn. Mo wá kọjú sí àna wa, mo ní, "Bùrọ̀dá, ìgbì tí kò ní afẹ́fẹ́ nídìí, ta ló ń tì í? Àbí ẹja yíyan yín ló ń tì í?" Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi rẹ́rìn-ín débi tí ó fi bọ́ fìlà. Ọkùnrin náà dúró kí ẹ̀rín náà tán.

Ó ní, "Àbúrò, ṣé ó dá ọ lójú?"

Mo ní, "Ó dá mi lójú, Bùrọ̀dá. Ẹ padà sídìí ẹja yín."

Ẹ̀rín àwọn àgbà kọ́ ló ń dùn mí jù títí dòní. Ojú ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ti wá pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ara rẹ̀ balẹ̀. Ó fọwọ́ kan ọkọ rẹ̀ léjìká, ó ní, "Bàbá ọmọ mi, o ti gbọ́ ohun tí àbúrò mi wí. Ọkàn mi ti balẹ̀. Jẹ́ ká máa lọ." Ó sì fi ọwọ́ pa mí lórí bó ṣe ń kọjá, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo ṣì ń tọ̀ sílé. Yàrá tí wọ́n béèrè fún, fìríìjì tó ti kú àti àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin ló ń gbé inú rẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àpótí pákó kan dé láti èbúté kan. Ìwé àtijọ́ ló kún inú rẹ̀. Láti ọdún gbọọrọ ni àwọn akọ̀wé èbúté ti ń kọ nǹkan méjì sínú rẹ̀ láràárọ̀, bí afẹ́fẹ́ ṣe rí àti bí òkun ṣe rí. Ọ̀gá ní kí n kó afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kí a lè fi ṣe ìwé tí èmi fẹ́ fi gba oyè. Ibi tí mo ti ń kó o ni mo ti rí ọjọ́ kan tí wọ́n kọ pé kò sí afẹ́fẹ́ rárá, tí wọ́n sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé òkun le, ọkọ̀ kò lè gúnlẹ̀. Mo ní akọ̀wé yìí ti mu ọtí yó. Mo ṣí ìwé mìíràn. Akọ̀wé mìíràn, ọwọ́ ìkọ̀wé mìíràn, oṣù kan náà: kò sí afẹ́fẹ́, òkun le. Mo ṣí òmíràn. Nígbà tí mo ṣí ẹ̀karùn-ún, mi ò tún pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀mùtí mọ́.

Ìjì tó ń gbé irú ìgbì bẹ́ẹ̀ dìde kò jà lọ́dọ̀ wa. Ìsàlẹ̀ ayé lọ́hùn-ún ló ti ń jà, níbi tí yìnyín wà. Ìgbì tó bí á rìn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, á ti fi afẹ́fẹ́ sílẹ̀ sẹ́yìn tipẹ́. Apá gúúsù ló sì ń gbà wọlé, ibi tí èmi fi ọwọ́ ara mi kọ òdo sí. Mo pa òdo náà rẹ́. Mo mú ìgbì inú ìwé àwọn akọ̀wé yẹn, mo fi sípò rẹ̀, mo sì jókòó ti ẹ̀rọ náà fún odindi ọjọ́ méjì. Iná kò lọ. Nígbà tí bébà jáde, omi ti gba iwájú ilé ẹ̀gbọ́n mi, ó ti gba inú ilé, ó ti gba ẹ̀yìnkùlé, ó ti dé títì. Ohun tí àna wa sọ ní àgbàlá ni ẹ̀rọ náà ń tún sọ fún mi.

Mo mú un lọ fún ọ̀gá. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ìròyìn ti wà lọ́wọ́ ìjọba, a kò lè sáré lọ máa pariwo pé a ṣìṣe, wọn á pè wá ní kwasea, ìyẹn òmùgọ̀. Ó ní òun á kọ àfikún tó bá yá, kí n pa ẹnu mi mọ́ títí di ìgbà náà. Mo ní mo ti gbọ́.

Mo tún lọ bá bàbá mi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kí Àsárì tán ni, ó ṣì wà lórí ẹní, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Mo ṣàlàyé fún un. Kì í ṣe aṣiwèrè, ó yé e. Ó fi tẹ̀sùbáà sílẹ̀. Ó ní, "Ojú ẹbí ni mo ti kọ̀ fún un. Ṣé ojú ẹbí náà ni mo tún máa jókòó sí, kí n ní mo ṣìṣe, kí ọkùnrin ẹlẹ́ja yẹn máa wò mí? Ẹyin lohùn. Jẹ́ kí Sálà dé ná. Wọ́n á wá kí wa kú ọdún, mà á ní kí obìnrin náà dúró tì mí díẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní mọ ìdí rẹ̀." Sálà ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì.

Mo ní, "Kò burú, Bàbá."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ara tù mí. Àgbà méjì ti ní kí n dákẹ́, mo wá rí ẹ̀yìn tí mo lè sá sí. Ọmọ tó gbọ́ràn ni mí. Bẹ́ẹ̀, tẹlifóònù wà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Adum, mò ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Ọkọ̀ tó ń lọ sí etíkun ń jáde ní gáréèjì láràárọ̀. Awakọ̀ tó ń bá ẹ̀gbọ́n mi kó ẹja pàdé mi níbẹ̀ ní ọjọ́ kẹfà tí mo ti mọ̀. Ó yọ orí jáde ní fèrèsé, ó ní, "Charley, ọ̀rẹ́ mi, ìlú ẹ̀gbọ́n rẹ ni mò ń lọ yìí o. Ṣé kò sí iṣẹ́ tí mo máa bá ọ jẹ́?" Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, àwọn èrò ń kanra. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Mo ronú ojú tí àna wa máa fi wò mí nígbà tó bá dé. Mo ní, "Kí i fún mi."

Ní ọjọ́ kọkànlá, oòrùn mú ní Kumasi débi tí ọ̀dà títì ń lẹ̀ mọ́ bàtà. Ewé kan kò mì. Mo wà nínú súwẹ́tà mi, mò ń ya àwòrán tí a máa fi sínú ìwé oyè mi. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni awakọ̀ ẹlẹ́ja yẹn wọ agboolé wa, kò jókòó, kò gba omi. Ó ní òkun dé ní àárọ̀ àná lẹ́yìn oúnjẹ, ojú sánmọ̀ mọ́ kedere. Àna wa gbé ọmọ, ó fa ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, ó kó wọn dé orí títì. Ó wá padà lọ gbé ìyá rẹ̀ tí kò lè rìn. Ó ti gbé e sẹ́yìn, ó ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, nígbà tí ògiri wó lé àwọn méjèèjì.

Wọ́n kó ẹ̀gbọ́n mi àti ọmọ rẹ̀ dé ní ọjọ́ kẹta. A kó fìríìjì àti sìmẹ́ńtì kúrò nínú yàrá náà, a gbá a, a tẹ́ ẹní. Kò gbà wá ju ìdajì wákàtí lọ. Àwọn ará Asawase ń wọlé láti bá wa kẹ́dùn, àwọn Ashanti aládùúgbò wa náà ń wá, wọ́n ń fi èdè wọn kẹ́dùn pé, "Due, due." Bàbá mi jókòó láàárín wọn, ó ń ní àmúwá Ọlọ́run ni, kò sí ẹni tó lè sá fún kádàrá. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Èmi ni mò ń bu omi fún àwọn àlejò. Ní ọjọ́ fídáù, ẹ̀gbọ́n mi pè mí wọ yàrá, mo rò pé ó ti mọ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Àbúrò mi, má jẹ́ kí ó bà ọ́ nínú jẹ́. Ìwọ sọ ohun tí ìwé sọ fún ọ ni." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí." Ẹ wá wo irú ènìyàn tí mo jẹ́.

Ó tún kù. Kò pé oṣù kan tí ọ̀gá pè mí. Inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní Ọlọ́run ti fún wa ní ohun tí owó kò lè rà, ìgbì gidi tí a ó fi dán ẹ̀rọ wa wò, kí n mú téèpù ìwọ̀n kí n lọ sí etíkun. Mo lọ. Ọjọ́ yẹn ni mo dúró níwájú òkun fún ìgbà àkọ́kọ́, ó jókòó jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Ògiri kan ṣì dúró lára ilé ẹ̀gbọ́n mi. Àmì omi hàn lára rẹ̀, ó ga ju orí mi lọ. Ààrò tí wọ́n fi ń yan ẹja ti wó, bàtà ọmọdé kan wà nínú iyanrìn. Mo na téèpù, mo wọn àmì náà, mo kọ ọ́ sínú ìwé. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì nítorí bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn.

Nígbà tí mo padà dé Kumasi, mo gbé ohun tí mo wọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí ẹ̀rọ ti sọ lẹ́yìn tí mo pa òdo rẹ́. Wọ́n bá ara mu. Ọ̀gá bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Alatani, adwuma pa!" Adwuma pa ni iṣẹ́ rere. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí tó kù: inú mi dùn. Kò pẹ́ lára mi, bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n ó dùn, ó dùn débi tí mo rẹ́rìn-ín sókè. Ohun tí mo fi gba oyè nìyẹn. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ mi lọ́jọ́ ìgboyèjáde, ẹ̀gbọ́n mi wà nínú èrò, ó gbé ọmọ rẹ̀ sókè kó lè rí mi.

Bàbá mi kú láìsọ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ọ̀gá náà ti kú. Èmi di olùkọ́, ọ̀rọ̀ ìgbì yìí náà ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọdọọdún ni mo ń sọ fún wọn bí a ṣe kọ òdo síbi tí kò yẹ àti bí a ṣe rí àṣìṣe náà. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín níbi ẹ̀pà ọ̀gá. Mi ò sọ fún wọn rí pé ẹnikẹ́ni ń gbé ibẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dàgbà ní agboolé wa, ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́ ìṣirò, èmi ni mo ń lọ sí ilé ìwé rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ní kí bàbá ọmọ wá. Láti ọmọ ọdún méje ló ti ń pè mí ní Bàbá.

Nígbà tí ọmọ náà fẹ́ lọ́kọ, ẹ̀gbọ́n mi ní èmi ni kí n jókòó ní ipò bàbá lọ́jọ́ yìgì, kí n fa ọmọ lé ọkọ lọ́wọ́. Ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa òkúta inú ìrẹsì. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Bóyá ọjọ́ orí ni. Mo jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sì sọ ohun gbogbo, ìwé àwọn akọ̀wé, ọ̀gá, bàbá wa, awakọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ṣáà dúró lórí ìrẹsì.

Ó ní, "Ọjọ́ mélòó ló wà láàárín ìgbà tí o mọ̀ àti ìgbà tó dé?"

Mo ní, "Mọ́kànlá."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa òkúta. Mo ní kó dárí jì mí, mo ní kó wá ẹlòmíràn tó máa fa ọmọ fún ọkọ. Ó wá gbójú sókè.

Ó ní, "Rárá. Ọmọ mi ò ní bàbá mìíràn, ìwọ lo ṣe é bẹ́ẹ̀. O máa jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, wàá wọ agbádá, wàá ṣe àdúrà fún un. Kò sì gbọdọ̀ gbọ́ láéláé. Ìwọ ṣáà mọ̀ ọ́n dákẹ́."

Mo jókòó síbẹ̀. Mo fa ọmọ náà lé ọkọ lọ́wọ́ lójú àwọn àáfà. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá, ẹ ò jẹ́ kí n mọ̀ pé n kò ní bàbá." Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo ṣe àdúrà, gbogbo ènìyàn ní àmín, ẹ̀gbọ́n mi náà ní àmín.

Láti ọjọ́ tí ó ṣa ìrẹsì yẹn, ẹ̀gbọ́n mi kò tíì wọ ilé mi. Ó ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí mi ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, mo ń jẹ ẹ́. Bí a bá pàdé níbi ìnáwó, a máa ń kí ara wa dáadáa, ó máa ń béèrè àlàáfíà mi lójú gbogbo ènìyàn. Ọmọ náà ti bímọ méjì báyìí. Ó máa ń sọ fún àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ pé òun kò rí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó fẹ́ràn ara wọn tó ìyá òun àti èmi. Mo máa ń wà níbẹ̀ nígbà tó bá ń sọ ọ́. Mi ò já a nírọ́.